Ẹni Tó Gbé E Rù Mí

Kákúrì ni, ní Kàdúná, nígbà tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣì ń ké tọ̀sán-tòru,
tí èérún òwú ń bà lé orí wa bí ìrì,
tí a ń dàgbà ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ.
Padmanabhan lorúkọ ọ̀gá wa tó ti Íńdíà wá.
Ẹnu wa kò gbà á; a sọ ọ́ di Pádímà,
ó sì ń jẹ́ ẹ láìjanpata.

Ọdún kan gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin.
Ìgbálẹ̀ ló fún mi.
"Gbá abẹ́ rẹ̀. Kí o sì máa gbọ́."
Mo ń gbá, mo ń bú u nínú:
ṣé torí èyí ni mo ṣe wọ rélùwéè láti Ìkìrun?

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Júláì, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
òṣùpá yọ róbótó, Nẹ́pà ti múná lọ.
Mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún un nílé.
Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀,
ó ń fi wàrà tó rà lọ́wọ́ ọmọge Fúlàní
fọ bàtà onígi kan tó ti jẹ
bí ọṣẹ tó kù díẹ̀ kó tán.
Ó to òdòdó ẹ̀yìnkùlé lé e lórí.
"Ọ̀gá, bàtà ta ni?"
"Ti gúrù mi."
Ó ní gú ni òkùnkùn lédè àwọn baba òun,
rú ni ẹni tó ń lé e.
Ó ní ọdún kan lòun náà fi gbá àgbàlá bàbá yẹn
kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sóun létí.
"Ọ̀rọ̀ wo ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ń bá wàrà rẹ̀ lọ.

Èmi tí mò ń kírun, n kò forí balẹ̀ fún bàtà.
Ṣùgbọ́n mò ń rò ó bọ̀ nínú ẹrẹ̀:
rú tiwọn ń lé òkùnkùn, rù tiwa ń gbé ẹrù.
Bí ẹrù bá wúwo, ta ní í dá a gbé karí?
Ẹnìkan a bẹ̀rẹ̀, a gbé e rù ọ́,
a wo ọrùn rẹ bóyá ó dúró,
a yọwọ́.
Kì í bá ọ délé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló mú mi dé ìdí ẹ̀rọ kẹrìndínlógún,
ó pa tọ́ọ̀ṣì.
"Kí ló ń sọ?"
Mo ní, "Béárìn apá òsì ti gbẹ."
N kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.
Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì,
bẹ́ẹ̀ ni tiwọn, tí àjèjì ń pè ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa. Koríko hù dí géètì.
Pádímà lọ; n kò gbúròó ikú, n kò gbúròó ìyè.
Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe báyìí ní Bárnáwà.
Lánàá, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá láti Zọ́ńkwà,
Íṣákù, ojú ń kán an bí ojú mi ìgbà yẹn:
ìgbà wo lòun máa fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì?
Mo nawọ́ ìgbálẹ̀ sí i.
N kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sí i létí.
Bóyá Pádímà náà kò mọ̀ ọ́n nígbà náà.