Ìpè Òru ní Kutaisi

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀.
Òjò ń lu páànù ilé ìwòsàn ẹranko wa
bí ẹni ń da ẹ̀wà sínú àwo.
Fóònù ké. Ohùn ìyá àgbàlagbà kan,
tó há bí ilẹ̀kùn tó ti mu omi:
“Dókítà, Bombora ń kú lọ.”

Mo ní, ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Ta ni Bombora?
Ó ní ajá Otia ni, ọkọ òun.
Ó ní àná ni Otia pé ogójì ọjọ́ tó ti kú.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti bì?
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún.
Báwo ni èébì náà ṣe rí?
Ó dákẹ́. Ojú ń tini láti sọ irú rẹ̀
fún àjèjì, lóru, nínú aṣọ ọ̀fọ̀.
Ó ní ọ̀rá ni ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá di òróòro,
báyìí, ìfófòó funfun lásán ni.
Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Kò sí.
Ìgbẹ́ ńkọ́? Bí omi ọ̀ṣọ̀rọ̀.

Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, ẹ fi ìka tẹ erìgì rẹ̀,
ẹ wò ó bóyá yóò tètè pọ́n padà.
“N kò tíì ka méjì tó ti pọ́n.”
Ẹ fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ẹ jù ú sílẹ̀.
“Ó padà sáyè rẹ̀, àmọ́ ó lọ́ra,
bí Otia bá ń dìde lórí àga.”

Kí ló jẹ?
Ibẹ̀ ni ìyá ti bú sẹ́kún.
Àádọ́ta ènìyàn ló wá jẹun ìrántí.
Wọn ò mọ ohun tí à á sọ fún opó,
wọ́n bá ń sọ ọ́ fún ajá lábẹ́ tábìlì:
gba ọ̀rá àgùntàn, ọmọ òrukàn,
gba awọ ẹlẹ́dẹ̀, gba wàràkàṣì.
Ìbánikẹ́dùn ni Bombora jẹ yó,
kò sì sí ikùn tí ìyẹn ń dà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Mo ní kó gbé àwo oúnjẹ kúrò nílẹ̀ di ọ̀sán,
omi ní ṣíbí ní ṣíbí, kó má ṣe jẹ́ abọ́ kíkún;
oògùn inú rírun tiwa, kó má fi kàn án lẹ́nu.
Ó ní, “Ṣé kí ológbò náà gbààwẹ̀ ni?”
Rárá o! Ẹ̀dọ̀ ológbò kì í fara da ebi.

Mo fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí mo rántí kólíó,
àlìkámà ìrántí òkú, pẹ̀lú oyin,
pẹ̀lú èso àjàrà gbígbẹ.
Ara mi tutù.
Ìyá, ṣé ó jẹ àjàrà?
Bó bá jẹ ẹ́, ẹ má dúró de ojúmọ́,
kíndìnrín ajá kì í bá àjàrà ṣeré.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn.
“Nutsa. Nutsa, dìde.”
Ohùn ọmọdé, tí oorun ṣì wà nínú rẹ̀:
“Mo fún un ní kólíó, ìyá àgbà.
Àmọ́ mo ti kọ́kọ́ ṣa àjàrà rẹ̀ jẹ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rín, ẹ̀rín tó fàya láàárín.
Síbẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé e wá láago méje:
ọmọdé lè fo hóró kan.

Wọ́n dé kó tó lù. Wọ́n fi kóòtù Otia wé ajá náà,
imú rẹ̀ wà nínú apá kóòtù, kò fẹ́ yọ ọ́.
Mo tẹ ikùn rẹ̀, mo gba ẹ̀jẹ̀, mo fa omi sí i lára.
Ìyá bèèrè ohun tí yóò jẹ lọ́la.
Ìwé ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó yọ káàdì ìrántí kan nínú àpò,
ó dojú fọ́tò Otia délẹ̀,
ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ gbàgàdà-gbagada:
ìrẹsì rírọ̀, adìẹ bíbọ̀,
díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta,
kò gbọdọ̀ ní iyọ̀.