Obìnrin Tó Sọ Bàsíà Kalẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wò ó ní yàrá sinimá Ràímì,
ní Kétu, lọ́nà tó lọ sí Akábà Ìdénà.
Ọgọ́rùn-ún sééfà, bẹ́ńṣì onígi, òógùn,
aṣọ funfun kan lára ògiri, tó ti ń pọ́n létí,
ẹ̀rọ amúnáwá ń wúkọ́ lóde bí àgbàlagbà lásìkò ọyẹ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára.
Olùdarí yẹn mọ oòrùn.
Ó mọ wákàtí tí erùpẹ̀ wa máa ń pọ́n bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún,
ó dúró dè é, kò taná sí i lójú.
Ó jẹ́ kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé,
kò ki èdè rédíò bọ̀ wọ́n lẹ́nu.
Mo kí i.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti mú ìròyìn ikú wọlé ńkọ́?
Arẹwà tí wọ́n gbé wá láti Kútọnu ké,
ó wó lulẹ̀, ó fa gèlè tu,
ọwọ́ òsì rẹ̀ sì rọra gbá gèlè náà mú
kó má baà kan ilẹ̀.
Omi ń dà lójú rẹ̀; ojú fúnra rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan.
Ẹni tí wọ́n bá ti túfọ̀ fún rí
mọ̀ pé ariwo kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé.
Èèyàn á kọ́kọ́ béèrè ohun tí kò kan ọ̀rọ̀:
ṣé ẹ ti jẹun? Ta ló ṣílẹ̀kùn yẹn sílẹ̀?
Orí ìtàgé la ti ń ké kí ará ẹ̀yìn lè gbọ́.
Kámẹ́rà ò jókòó lẹ́yìn, abẹ́ ìpéǹpéjú ẹni ló ti ń wòran.
Arẹwà, ta lò ń ké sí?

Lẹ́yìn rẹ̀, lápá ọ̀tún, níbi tí ojú kì í lọ,
obìnrin kan ń ru bàsíà omi kọjá.
Fóyèkẹ́ ni, aránṣọ agboolé wa.
Wọ́n ní kó ṣáà kọjá. Ẹgbẹ̀rún méjì sééfà.
Igbe náà ta. Fóyèkẹ́ dúró.
Ó sọ bàsíà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.
Nígbà tó nàró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tún gòkè.
Kò ká wọn lérí bí ọlọ́fọ̀;
wọ́n kàn dúró nínú afẹ́fẹ́,
wọ́n di bàsíà tí kò sí níbẹ̀ mọ́ mú.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré.
Ìwọ tó gé fíìmù yìí, o gé e níbẹ̀!
O padà sórí gèlè.
Mo bú ọ sókè lálẹ́ ọjọ́ náà
títí Ràímì fi ní kí n jókòó, àwọn ẹlòmíì sanwó.

Mo lọ bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.
Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo tiẹ̀ dárúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin
tí ọkọ̀ akólépo gbá lọ́nà Pọ́bẹ̀,
mo ní ara rẹ̀ ló rántí, kì í ṣe òun.
Fóyèkẹ́ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́ gún un.
"Bàsíà yẹn ń jò," ó ní. "Omi ń wọ̀ mí lọ́rùn.
Wọn ò sì fún mi ní òmíràn."

Ojú tì mí. Mo ti fi ihò ìdí bàsíà
kọ́ ilé alájà mẹ́ta.

Ìgbà kẹta tí mo lọ, mi ò wo ẹlòmíì.
Mo wo ọrùn rẹ̀, mo wo èjìká bùbá rẹ̀,
àwọ̀ ewé, oòrùn tàn sí i gbangba.
Gbígbẹ ni. Kò sí ẹ̀kán omi kan.

Mi ò tíì bi í.
Ó ń bá mi rán ṣòkòtò ọdún,
ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.