Ihò Mẹ́ta Lára Kóòtù Ọ̀gágun

Èmi Shushanik ni mo ń ránṣọ fún Ọ̀gágun Vardges
láti ìgbà tí èjìká rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìkọ́ aṣọ,
títí tó fi di olórí gbogbo ológun ilẹ̀ wa.
Mo mọ ìwọ̀n àyà rẹ̀ ju ìyàwó rẹ̀ lọ.
Apá òsì rẹ̀ gùn ju ọ̀tún lọ díẹ̀;
ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ
sí ilé ẹ̀kọ́ ológun àwọn ọ̀rẹ́ wa ní Àríwá.
Ìyá rẹ̀ di ápíríkọ́tì gbígbẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ fún un.
Ọdún márùn-ún. Títí di òní,
bí mo bá fi téèpù yí i níbàdí,
èdè tiwa ló fi ń kí mi,
èdè tiwọn ló fi ń ka nọ́ńbà.

Ọ̀rẹ́ wa lágbára, a ò ní purọ́.
Tiwọn ni gáàsì tó ń mú sítóòfù mi gbóná,
tiwọn ni ọkọ̀ ogun tó tò sẹ́yìn ògiri òkúta pupa,
níbi tí àwọn ọmọ wọn ti máa ń kọrin lálẹ́ Sátidé.
Tiwọn sì ni àmì ẹ̀yẹ fàdákà tí mo fọwọ́ ara mi rán
mọ́ àyà òsì Ọ̀gágun:
ihò mẹ́ta, òwú pupa, mo ta kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní oṣù kẹsàn-án, ìbọn ńlá dún ní ààlà.
Òkè tí Hrant, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ń ṣọ́
jóná láti ọgbà àjàrà dé ilé ìwé.
Awakọ̀ Ọ̀gágun ló sọ fún mi nígbà tó wá gba ṣòkòtò:
ó ní bàbá náà pe Àríwá ní aago mọ́kànlá alẹ́.
Fóònù ń dún.
Ó tún pè. Wọ́n ní ọ̀gá ń sùn.
Ó tún pè. Wọ́n ní ọ̀gá ti jí, ó ń wẹ̀.
Ó tún pè. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí tábìlì.
Títí ilẹ̀ fi mọ́, èdè wọn ló ń sọ,
kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ.
Lẹ́yìn ògiri pupa, ọkọ̀ kankan ò tanná.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi òdòdó ránṣẹ́.
Ó rẹwà. Wọ́n kọ orúkọ Hrant sí i,
wọ́n ṣì í kọ.

Ọ̀gágun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lóru, òun nìkan.
Ó bọ́ kóòtù, ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ.
“Tú u,” ó ní.
N kò bèèrè èwo.
Òwú tó ti jókòó fún ọdún mọ́kànlá kì í jáde bí àlejò;
ó ń fa aṣọ mọ́ra bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú.
Ó mu tíì mi láìfi ṣúgà sí i.
Ó ní, “Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri onílé…”
kò parí rẹ̀.
Mo bá a parí rẹ̀ sínú:
ọjọ́ tí onílé bá kó ògiri rẹ̀ lọ
ni yóò mọ̀ bóyá òun ní egungun ẹ̀yìn.

Yìnyín dé. Gáàsì dín kù nínú páìpù,
iná sítóòfù wá kéré bí ahọ́n ológbò.
Awakọ̀ tún gbé kóòtù dé,
àmì ẹ̀yẹ wà nínú àpò, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi wé e.
Àlejò Àríwá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀nà abẹ́rẹ́ ni okùn ń tọ̀.
Mo rán an padà. Kí lẹ rò pé n óò ṣe?
Hrant fi ọmọ oṣù mẹ́rin sílẹ̀,
òtútù ò sì mọ ọmọ òrukàn.
Ṣùgbọ́n kókó kan péré ni mo ta,
òwú funfun ni mo sì lò lábẹ́,
níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i
àfi ẹni tó bá wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n.
Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.
Àmì ẹ̀yẹ náà mì.
Kò já.