Bọ́tìnnì Kẹta

Aago márùn-ún ìdájí ní Borehamwood,
òjò wínníwínní ń fọ́n sórí páànù ilé ńlá kan
tí kò ní fèrèsé.
Wọ́n ní ìlú tó jóná ló wà nínú rẹ̀.
Mo wọlé, aṣọ aláwọ̀ ewé ni mo bá,
láti ilẹ̀ dé àjà,
àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ búrẹ́dì.

Owó Amẹ́ríkà ni. Ó sọdá òkun wá
nítorí ìjọba ibí ń dá díẹ̀ padà fún un nínú owó orí,
bí ẹni tó tajà tó tún fi ènì lé e.
Ọ̀gá tó ń pàṣẹ kò tiẹ̀ sí níbẹ̀.
Ojú rẹ̀ wà nínú gíláàsì kan lára ògiri;
alẹ́ àná ló ṣì wà lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó ń yán.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ni ìtàn náà ń fẹ́,
tí wọn yóò máa sá fún iná.
Ogún ni wọ́n pè.
Fadérera, tó bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì ṣì ń kó èrò wá,
ní ìlà oúnjẹ nìkan a máa gùn dé ojú títì.
Ó ní oúnjẹ náà a sì máa gbóná.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré f'ógún ọdún.
Ogún àgbàlagbà ni wá,
ìwé tí a fọwọ́ sí sì ní: títí láéláé,
ní gbogbo ayé àti ní òfuurufú.

Gwenllian aránṣọ gbé kóòtù àtijọ́ kan wọ̀ mí.
Bọ́tìnnì kẹta ń fi òwú kan ṣoṣo rọ̀.
Ó mú abẹ́rẹ́, wọ́n ní kò sáyè.
"Ẹ̀wù ogún ni mo rán," ó ní, "kọ̀ǹpútà á rán èyí tó kù,
kò sì ní béèrè owó ọkọ̀."

Wọ́n tì mí sáàárín ọgọ́rin kámẹ́rà
tó yí mi ká bí ojú eṣinṣin.
Ṣe bí ẹni tẹ́rù ń bà. Mo ṣe é.
Ṣe bí ẹni ń sáré. Mo sáré lójú kan.
Ṣe bí òkú.
Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Wọ́n ní ó ti tó,
kí n máa lọ sílé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà;
wọ́n kó ọwọ́ mi nìkan jọ.

Ọdún yípo. Fíìmù náà kò dé sinimá àdúgbò wa,
orí fóònù ló gbà wọlé,
nígbà tí mo ti iṣẹ́ òru dé láti ilé àwọn arúgbó.
Ọmọ mi Ṣíjúwadé fi ìka dá a dúró.
"Bàbá mi, ẹ ti kú síbí.
Ẹ ń sá lọ lọ́hùn-ún.
Ẹ tún wà lórí afárá, ẹ̀yin mẹ́fà."
Ó ń kà wá, ó ń rẹ́rìn-ín.
Owó ẹnì kan ni wọ́n san.
Èmi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Àyà kóòtù ni mò ń wò:
lára gbogbo wọn, bọ́tìnnì kẹta ń fì,
nínú iná, nínú èéfín,
kò já.

Tèmi já nígbà tí mò ń bọ́ kóòtù.
Mi ò dá a padà.
Ó wà nínú àpò mi, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé.