Òkúta Kẹta

Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án: òfin.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Haldane dúró níwájú wa, táì rẹ̀ wọ́ díẹ̀,
ó ní, "Ta ló ni omi tó ń ṣàn?"
Igba akẹ́kọ̀ọ́ dorí kodò sórí kọ̀ǹpútà.
Aago méjì ọ̀sán: ohun abẹ̀mí àti àyíká.
Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà tó ga dé itan,
mo wọ inú odò lọ.
Omi ò bi mí pé ta ló ni òun.
Ó kàn tutù.

Ìwé ẹ̀rí méjì ni mo ń lé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
ọdún márùn-ún àbọ̀,
gbèsè tí n óò máa san títí irun mi yóò fi funfun.
Ìyá mi, Glenys, ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.
Bàbá mi ò sọ nǹkan kan. Ó ń fún wàrà.
Ọgọ́jọ màlúù kì í dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń bi odò pé ṣé àlàáfíà ló wà.
A ó yí òkúta padà lábẹ́ omi, a ó dẹ àwọ̀n sísàlẹ̀ rẹ̀,
a ó da ohun tó bá kó sínú abọ́ funfun,
a ó wá dúró.
Lákọ̀ọ́kọ́, ìdọ̀tí lásán.
Nígbà tó yá, ìdọ̀tí á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.
Kòkòrò abìrùmẹ́ta, tín-ín-rín bí òwú,
tó ń fi ọdún kan gbé abẹ́ omi kó lè fò fún ọjọ́ kan péré:
bí o bá rí i, odò ń mí.
Bó bá ṣe ìdin pupa nìkan lo rí,
kọ ọ́ sílẹ̀. Má sunkún sórí ìwé. Tàdáwà á ṣàn.

Ní gúúsù Ọsirélíà níbí, oṣù Kẹsàn-án ni òtútù ń di ẹrù rẹ̀.
Wọ́n pín odò fún wa.
Quang gba ẹnu òkun, Marnie gba abẹ́ afárá.
Èmi, wọ́n ní, níwọ̀n ìgbà tí mo ti mọ ọ̀nà,
kí n gba òkè, láti oko Pascoe dé oko Trewin.
Trewin ni orúkọ mi.

Òkúta kìíní: abìrùmẹ́ta mẹ́rìndínlógún.
Òkúta kejì, mọ́kànlá.
Níbi tí gọ́tà ilé màlúù wa ti já sódò,
gọ́tà tí mo ti ń fi ọkọ̀ bébà ṣeré lọ́mọ ọdún méje,
mo yí òkúta kẹta.
Abọ́ funfun náà dákẹ́ jẹ́ẹ́.
Mo ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, mo tún un kà.
Ìdin pupa kan na ara rẹ̀, ó sì ká kò.

Èyí tó kọ́ òfin nínú mi ní: apá kẹrin, ìlà keje, owó ìtanràn.
Èyí tó kọ́ omi ní: kí lo kà? Òdo. Kọ òdo.
Kò sí ìkankan nínú wọn tó ṣe ìdánwò rí lórí ọkùnrin
tó ń jí láago mẹ́rin ìdájí, yìnyín ìbáà máa bọ̀,
kí n lè rówó ra bàtà rọ́bà yìí.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tó dé, òun àti ajá rẹ̀.
Ó wo inú abọ́. "Àwọn tó nírù dà?"
Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀ wọ́n.
Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.
"Nígbà tí mo wà ní kékeré, lálẹ́ oṣù Kọkànlá,
wọ́n máa ń bo fèrèsé ilé ìdáná débi pé a kì í rí ìta.
Mo rò pé èmi ni mo dàgbà tí mi ò rí wọn mọ́."

Ó dìde. Orúnkún rẹ̀ dún.
Ó béèrè iye tí wáyà ọgbà ń jẹ́ ní mítà kan,
ó béèrè igi wo ló lè hù létí gọ́tà.
Mi ò mọ̀. Wọn ò tíì kọ́ wa débẹ̀.
Mo ṣí ìwé, mo kọ déètì, mo kọ bí omi ṣe tutù tó,
mo kọ orúkọ ibẹ̀ bó ṣe jẹ́, Trewin,
mo kọ òdo.
Bàbá mi ló di tọ́ọ̀ṣì mú.