Bọ́tà Ojú Fèrèsé

Aberdeen, oṣù kejì. Bọ́tà dì gbagidi lójú fèrèsé;
mo fọ̀bẹ há a, búrẹ́dì ló ya.
Òróró inú ìgò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣàn.

Níbi iṣẹ́, Mairead fi àwòrán ẹ̀dọ̀ ẹja hàn mí.
Mo wá ògiri, n ò rí bíríkì:
ìlà dúdú méjì péré, ọ̀rá lásán.
Orí wọn fẹ́ràn omi, ìrù wọn ń sá fún un,
ìrù kọjú sí ìrù nínú òkùnkùn.
Kò sẹ́ni tó rán wọn, kò sẹ́ni tó kàn wọ́n níṣòó,
wọ́n ń yọ̀ kọjá ara wọn ṣáá,
síbẹ̀ ilé ò jò.
Omi ń yọ́ wọlé; iyọ̀ a máa kanlẹ̀kùn.

“Tí òtútù bá dé,” ó ní,
“ẹja a wá ọ̀rá tírù rẹ̀ wọ́.
Èyí tó bá tò gbọnrangandan ló ń dì.”

Ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti tò gbọnrangandan
lójúlé kejìlá.

Lálẹ́, mo kanlẹ̀kùn Farquhar, mo tọrọ iyọ̀.
Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀,
ó bi mí bóyá mo ń jẹ ẹja.