Bébì Fápóhùndà

Ọjọ́ karùn-ún la rí i pé ojú ọmọ pọ́n bí ìyeyè.
Màmá ní, "Ẹ gbé e sóòrùn àárọ̀, yóò lọ."
A gbé e sóòrùn. Kò lọ.
Lóru, kò gba ọmú mọ́,
ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni ń wo àjà.
Ni mo bá lọ kan ilẹ̀kùn Ṣẹ́rífù ọlọ́kadà.

Láti Ìṣọ́kùn, Ìbídùn láàárín, ọmọ láyà rẹ̀,
èmi lẹ́yìn, mo fọwọ́ yí àwọn méjèèjì ká
bí ẹni di ẹrù tí kò gbọdọ̀ já.
Ajá gbó wa ní Ẹrẹ́jà.
Ṣẹ́rífù kò béèrè owó. Ó ní, "Ẹ sáà wọlé."

"Orúkọ ọmọ?" ni obìnrin oníkáàdì wí,
bírò rẹ̀ ti kan ìwé.
Mo ní kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ.
Orúkọ wà o, ó wà lábẹ́ ahọ́n mi,
ṣùgbọ́n a kì í tú u sílẹ̀ lórí káńtà,
láàárín ẹni tó ń ka owó àti ẹni tó ń sunkún.
Ó kọ ọ́: Bébì Fápóhùndà. Ọkùnrin.

Wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n fi báńdéèjì bò ó lójú,
wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí onídígí, wọ́n tan iná,
iná aláró,
àfi bíi pé wọ́n rẹ ọmọ mi sínú ìkòkò aró
kí pípọ́n yẹn lè ṣí.

Dókítà kékeré kan ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa pààrọ̀,
kí wọ́n fa tirẹ̀ jáde, kí wọ́n fa tuntun wọlé, díẹ̀díẹ̀.
Mo na apá. Wọ́n ní tèmi kò bá a mu.
Èmi tí mo bí i.
Ẹ̀jẹ̀ àjèjì la rà, ó tutù nínú ọ̀rá bí omi àmù.
Owó àgbò ìkómọ bá a lọ.

Iná lọ lẹ́ẹ̀kan.
Kò sí òbí tó mí
títí jẹnẹrétọ̀ fi húkọ́ lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yíjú, mo fẹnu kan ihò ẹ̀gbẹ́ àpótí,
mo pè é lórúkọ.
Ọjọ́ kò tíì pé, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú.
Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé, bó bá máa lọ,
yóò lọ láìmọ ohun tí à bá máa pè é.
Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mira. Ó lè jẹ́ òtútù.

Ilẹ̀ ń mọ́. Ìbídùn wà lórí bẹ́ǹṣì,
wàrà ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin.
Ó ní, "Kí lo sọ fún un?"
Mo ní mo kí i kú àárọ̀ ni.